Mẹ́tàlá Tí Ìgbẹ́kẹ̀lé Kùn Sára Búlọ́ọ̀kù

Ní Ifako-Ijaye, nínú àgbàlá tí wọ́n bí Uswat Sàláwù sí, bí òjò bá rọ̀ fún wákàtí kan péré, ilẹ̀ di odò. Onílé ò jẹ́ tún un ṣe, ayálégbé ò jẹ́ dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí ni pé kí wọ́n to búlọ́ọ̀kù láti ẹnu ọ̀nà yàrá títí dé ẹnu géètì, kí oníkálukú máa tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí búlọ́ọ̀kù wọ̀nyí ni Uswat ti kọ́ iṣẹ́ tó gbé e dé òkè òkun. Àwọn ọmọ yòókù a máa rìn lórí rẹ̀ bí ẹni tó ru ẹyin. Uswat ọmọ ọdún mẹ́jọ a sáré bọ̀ láti inú yàrá, a fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ta lórí ìkíní, a tún fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kan náà ta lórí ìkarùn-ún, a wá fi tòsì ta lórí ìkẹsàn-án, ó di ẹ̀yìn géètì. Búlọ́ọ̀kù méjìlá ni wọ́n tò síbẹ̀, mẹ́ta péré ló ń fẹsẹ̀ kàn. Àkèré inú omi náà a dákẹ́ títí yóò fi kọjá. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ béèrè ní Ifako. Àwọn tó ṣojú wọn ò tíì kú tán.

Tàíbátù ìyá rẹ̀, tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, kì í gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Á kàn wí pé, "Uswat, bí o bá já sínú omi, ìwọ lo máa fọ aṣọ rẹ." Kò já sínú omi rí.

Nígbà tó dé ilé ìwé girama, olùkọ́ eré ìdárayá rí i, ó ní ohun tí ọmọ yìí ń ṣe lórúkọ. Ìfò mẹ́ta ni. Èèyàn á sáré, á fi ẹsẹ̀ kan ta láti ara pákó, á balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan náà, á tún fi ìyẹn ta, á balẹ̀ lórí èkejì, á wá fi èkejì yìí fò sínú yanrìn. Ibi tó sún mọ́ pákó jù tí ara rẹ̀ bá kàn nínú yanrìn, ibẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n dé. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, Uswat fo mítà méjìlá àti sẹ̀ǹtímítà àádọ́rin láàárín àwọn ilé ìwé Èkó. Ẹni tó ṣe ìkejì wà lẹ́yìn rẹ̀ débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ rán èèyàn lọ wá a.

Lọ́dún yẹn kan náà ni egungun gìgísẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sán. Wọ́n dì í, wọ́n tú u, wọ́n tún un dì. Ilé ìwé parí, owó ilé ẹ̀kọ́ gíga ò sí, Uswat sì gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Oregun, níbi tó ti ń kó bísíkíìtì sínú páálí. Kásúà ni wọ́n gbà á: ọjọ́ tí wọ́n bá pè é ló níṣẹ́, ọjọ́ tí wọn ò pè é, ó wà nílé. Odidi ọdún méjì, kò fo ohun tó ju gọ́tà lọ.

Gọ́tà náà ló sì mú un pàdé Ìgbẹ́kẹ̀lé. Bíríkìlà ni Ìgbẹ́kẹ̀lé, Bàbá Praise lẹ́nu àwọn ará àdúgbò, àgbà nínú ìjọ Aládùúrà kan ní Ifako tí wọn kì í wọ bàtà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì náà ló ti ń mọ búlọ́ọ̀kù tà. Nígbà èwe rẹ̀, òun náà fo ìfò mẹ́ta fún ilé iṣẹ́ aṣọ kan, kí ilé iṣẹ́ náà tó kógbá wọlé tòun ti pápá ìṣeré rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó rí ọmọbìnrin kan tó gbé báàgì oúnjẹ lọ́wọ́, tó fo gọ́tà, tó fo òkìtì yanrìn, tó sì fo gọ́tà kejì, ìró ẹsẹ̀ mẹ́ta péré, báàgì ò mì.

"Ta ló kọ́ ọ nìyẹn?" ni Ìgbẹ́kẹ̀lé bi í.

"Búlọ́ọ̀kù ni, sà."

"Búlọ́ọ̀kù wo?"

"Ti àgbàlá wa, lọ́dọ̀ Alhaja onílé."

Ìgbẹ́kẹ̀lé wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òun ló mọ àwọn búlọ́ọ̀kù náà. "Á jẹ́ pé èmi ni," ló wí.

Bó ṣe di kóòṣì rẹ̀ nìyẹn. Kò gba kọ́bọ̀, kò sì ní ìwé ẹ̀rí kankan. Yanrìn tó ṣẹ́ kù nígbà tí ìjọ ń tún Ilẹ̀ Àánú wọn ṣe, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbàdúrà ẹ̀bẹ̀, ló bẹ̀bẹ̀ fún. Wọ́n fún un. Ó gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó da yanrìn sí i, ó to búlọ́ọ̀kù yí i ká. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ogún ọdún, Bọ́dúndé káfíńtà, gbẹ́ pákó ìtasẹ̀ láti ara igi apá, ó dán an débi pé èèyàn lè fi ṣe dígí. Àwọn méjèèjì ló jọ wọn ibẹ̀. Téèpù gígùn tí wọ́n fi ń wọn ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n lò. Ẹ̀rọ ìgérin ti gé orí rẹ̀ jẹ ní sáìtì kan. Mítà àkọ́kọ́ ti lọ, orí mítà kìn-ín-ní ni téèpù náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun tuntun fún ẹnikẹ́ni tó ń kọ́lé l'Ékòó. Bí o bá fẹ́ mítà mẹ́wàá, wàá fà á dé mọ́kànlá, ó parí. Ìgbẹ́kẹ̀lé dúró nídìí pákó, ó ń pe iye; Bọ́dúndé wà níbi yanrìn, ó ń kan ìṣó mọ́ ibi tí iye náà dé. Bọ́dúndé wá lọ gbé ilẹ̀kùn kan kọ́ ní Oníwàyà, Ìgbẹ́kẹ̀lé sì fi ìrọ̀lẹ́ kun nọ́ńbà pupa sára búlọ́ọ̀kù ẹ̀gbẹ́ kòtò: mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá.

Ó dúró ti mẹ́tàlá. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án.

"Ọjọ́ tí o bá tẹ èyí," ló wí fún Uswat, "ọjọ́ náà ni n ó wọ bàtà, n ó sì mú ọ jáde. Kó tó di ìgbà náà, wọn ò ní rí wa níta. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa nawọ́ sí wa pé ẹ wo bíríkìlà àti olùkó-bísíkíìtì."

Uswat fò lọ́jọ́ kejì. Ó fò dáadáa. Ara rẹ̀ sọ fún un pé ó fò dáadáa. Nígbà tó dìde tó gbọn yanrìn dànù, tó wo búlọ́ọ̀kù, kò tilẹ̀ dé méjìlá. Mọ́kànlá àti díẹ̀ ni. Ọmọ tó fo méjìlá àti àádọ́rin nígbà tó wà nílé ìwé. Ó jókòó sínú yanrìn, ó di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú.

"Kóòṣì," ló wí, "ẹsẹ̀ yìí ti jẹ mítà kan lára mi."

"A ó gbà á padà," ni Ìgbẹ́kẹ̀lé wí.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbà á padà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọdún mẹ́ta. Kí ó tó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Oregun láàárọ̀, á ti fò. Ọjọ́ tí wọn ò bá pè é síṣẹ́, á fò títí yanrìn yóò fi gbóná. Ó fi àpò sìmẹ́ńtì lé èjìká gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta tí Ìgbẹ́kẹ̀lé ń kọ́ lọ́wọ́. Àwọn lébìrà ní kó máa bọ̀ wá gba iṣẹ́ àwọn. Ó kúrò ní mọ́kànlá, ó dé méjìlá, ó dé méjìlá àti díẹ̀, ó wá dúró síbẹ̀ bí ọkọ̀ tí epo tán nínú rẹ̀. Lọ́dọọdún, ó máa ń ka èsì ìdíje orílẹ̀-èdè lórí fóònù. Ẹni tó gba góòlù lọ́dún kejì fo mẹ́tàlá àti ogún sẹ̀ǹtímítà. Lóṣù yẹn, Uswat wà ní méjìlá àti ogójì, ó sì da ojú bo ibùsùn, kò jẹun.

Tàíbátù ìyá rẹ̀ ò pariwo. Ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó sáàárín yúnífọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé, ó ní, "O ti pé ọmọ ọdún méjìlélógún. Mi ò sọ pé kí o má fò. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká jọ fi òpin sí i. Bí o ò bá tẹ mẹ́tàlá Bàbá Praise lọ́dún yìí, ó parí. Wàá gba iṣẹ́ sítáàfù, wàá sinmi."

Uswat ní ó dáa. Àdéhùn ni.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ń gbọ́ wọn. Modinat, tó jẹ́ ọ̀gá gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń di bísíkíìtì, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ méjì sọ ohun tí ọ̀kan bá tó, wá bá a lóṣù kẹwàá pé wọ́n fẹ́ sọ kásúà kan di sítáàfù, orúkọ Uswat ni òun sì fẹ́ kọ. Iṣẹ́ títí ayé ni, àárọ̀ ọ̀sẹ̀ kan, alẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí gbà-mí-láàyè láti lọ fò níbì kankan. Ní ọjọ́ Ẹtì, agogo mẹ́rin, ni ọ̀gá àgbà yóò gba ìwé tí ẹni náà buwọ́ lù. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ọjọ́ Ẹtì náà ni ìdíje àwọn ilé iṣẹ́ ní pápá kan ní Agége, ẹni tó yẹ kó fò fún wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

"Lọ fò lẹ́ẹ̀kan," ni Modinat wí, "kí wọ́n fún wa ní máàkì. Lẹ́yìn náà ká jọ padà wá buwọ́ lùwé. Ṣé o ti jẹun?"

Uswat sọ fún Ìgbẹ́kẹ̀lé. Ìgbẹ́kẹ̀lé ò gbójú sókè lórí búlọ́ọ̀kù tó ń mọ. "Ìdíje àwọn oníbísíkíìtì," ló wí. "O ò tíì tẹ mẹ́tàlá. Mi ò lọ." Lójú rẹ̀, àbùkù ni. Uswat wọ kẹ̀kẹ́ lóun nìkan. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìfò òun ìkẹyìn nìyẹn.

Nígbà tó dé orí pápá, ó rí i pé pákó ìtasẹ̀ wọn sún mọ́ yanrìn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jubril, tó fi fìlà funfun dé orí, ló wà nídìí ìwọ̀n. Uswat lọ bá a, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mítà mélòó ni láti ibí yìí dé yanrìn?"

"Mọ́kànlá."

"Kò tó bẹ́ẹ̀, sà. Mọ́kànlá tiwa jìnnà ju èyí lọ dáadáa."

Jubril wò ó láti òkè délẹ̀. "Èmi ni mo wọn pákó yìí láàárọ̀ yìí. Ọdún kẹrìndínlógún mi rèé lẹ́nu ẹ̀. Àbúrò, lọ fò."

Ó sáré. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ta lára pákó, ìró rẹ̀ dún bí ìgbà tí èèyàn bá pa ilẹ̀kùn dé. Ó balẹ̀, ó ta, ó balẹ̀, ó ta. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé ó pẹ́ lókè débi pé alágbàfọ̀ ilé kejì ti ká aṣọ méjì kó tó balẹ̀. Nígbà tó balẹ̀, ó wo ẹ̀yìn, ẹ̀rù bà á. Yanrìn tó wà láàárín òun àti pákó pọ̀ ju èyí tó ti rí láyé rẹ̀ lọ. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé ṣebí mo ti sọ fún wọn.

Jubril na téèpù irin. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀, ìyẹn náà kà á, ó mi orí. Wọ́n lọ mú téèpù mìíràn wá. Gbogbo ibẹ̀ ń dákẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí iná bá ń lọ láti ilé dé ilé. Ẹni tó ń ta omi tútù pàápàá gbé ọwọ́ sílẹ̀. Ní ìgbà kẹta, Jubril ṣí fìlà.

"Mítà mẹ́tàlá," ló wí, "àti sẹ̀ǹtímítà méjìdínlọ́gọ́ta."

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ ni Uswat fúnra rẹ̀. "Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀, sà. Mi ò lè fo iye yẹn. Mo sọ fún yín pé pákó yẹn sún mọ́ ọn."

Wọ́n wọn pákó níṣojú rẹ̀. Mọ́kànlá gééré. Wọ́n ní kó tún fò. Ó fo mẹ́tàlá àti àádọ́ta. Modinat ti sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ kòtò yanrìn, aṣọ ilé iṣẹ́ lọ́rùn.

"Níbo lo ti ń fò?" ni Jubril béèrè.

"Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ni, ní Ifako."

"Mítà mélòó lò ń fò níbẹ̀?"

"Méjìlá àti àbọ̀, sà. Ọjọ́ tí ara mi bá yá."

"Ẹni tó gba góòlù orílẹ̀-èdè yìí lọ́dún tó kọjá, ǹjẹ́ o mọ iye tó fò?"

"Mẹ́tàlá àti ogún, sà."

Jubril ká téèpù rẹ̀ sápò. "Wọ́n máa ti ìwé orúkọ àwọn tó ń lọ síbi àṣàyàn orílẹ̀-èdè lónìí. Mo lè fi tìẹ sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n á bi mí pé níbo ni ẹni yìí wà láti ọdún mẹ́ta, mi ò sì ní ìdáhùn. Mú mi lọ síbẹ̀."

Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wọ̀ dé Ifako. Ìròyìn ti ṣáájú wọn débẹ̀, nítorí ìròyìn kì í dúró de kẹ̀kẹ́. Tàíbátù ti jáde ní ṣọ́ọ̀bù, téèpù ìránṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ti ṣáájú wọn dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbẹ́kẹ̀lé ń tẹ búlọ́ọ̀kù, ẹsẹ̀ lásán. Bọ́dúndé wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń fá pákó ilẹ̀kùn. Jubril kí wọn, kò ṣàlàyé. Ó fi orí téèpù irin ti pákó ìtasẹ̀, ó ní kí Uswat fà á dé ibi tí wọ́n kọ mọ́kànlá sí.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

Uswat wò ó. Ó tún wò ó.

"Méjìlá," ló wí.

"Tún un kà."

"Méjìlá ni, sà. Méjìlá gééré."

Ìgbẹ́kẹ̀lé wá kà á fúnra rẹ̀. Ó fẹ̀yìn rìn, ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ. Búlọ́ọ̀kù náà fọ́ lábẹ́ rẹ̀, kò mọ̀. Ọjọ́ tí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ṣí lọ, kò jókòó bẹ́ẹ̀.

"Bọ́dúndé," ló wí nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ọjọ́ tí a wọn ibí yìí, kí ni mo pè fún ọ?"

"O pe méjìlá."

"Níbo lo kan ìṣó sí?"

"Orí mẹ́tàlá. Ṣebí téèpù yẹn ti gé? Mo fi kan kún un."

"O fi kan kún un." Ìgbẹ́kẹ̀lé di orí mú. "Mọ́kànlá ni mo fẹ́. Mo ti fi kan kún un kí n tó pè é fún ọ."

"Ta ló ní kí o fi kún un? Ẹni tí pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń fi kún un. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn."

"Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá pè é ló ń fi kún un. Bí ọ̀gá tèmi ṣe kọ́ mi nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí, nítorí òfin bíríkìlà yàtọ̀ sí ti káfíńtà, òtítọ́ sì ni méjèèjì. Ọ̀kan fi mítà kan kún un, èkejì tún fi mítà kan lé e, gbogbo nọ́ńbà pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò sì fi odidi mítà kan rẹ́ Uswat jẹ. Ó yẹ kí ọ̀kan bi èkejì pé, ṣé o ti fi kún un àbí kí n fi kún un? Ṣùgbọ́n ta ló máa béèrè? Ọ̀gá kì í bi ọ̀gá bóyá ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti jọ ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún. Ìbéèrè yẹn ì bá jọ èébú.

"Káfíńtà kan, bíríkìlà kan," ni Tàíbátù wí, ó fa téèpù kúrò lọ́rùn. "Èmi tí mò ń rán yúnífọ́ọ̀mù, bí mo bá fi ínǹṣì kan ṣì í, ọmọ ò ní lè mí ní ilé ìwé, ìyá ẹ̀ á wá bá mi kí agogo mẹ́jọ tó lù. Ẹ̀yin fi odidi mítà kan ṣì í. Bàbá Praise, ilé tí ẹ̀ ń kọ́ fún àwọn èèyàn, ṣé géètì wọn ò sí nínú ilé ẹlòmíì?"

Bọ́dúndé fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú Uswat, ó gbé e mì.

Uswat ò bínú tó ṣeé rí. Ó ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlọ́ọ̀kù, ó ń fi ọwọ́ kan nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ògiri ilé tí wọ́n bí i sí, tó wá gbọ́ pé kì í ṣe ilé bàbá òun.

"Kóòṣì," ló wí, "lọ́dún tó kọjá, oṣù tí mi ò jẹun yẹn, ibo ni mo ń dé?"

Ìgbẹ́kẹ̀lé mọ̀ ọ́n lórí. "Méjìlá àti ogójì."

"Nígbà náà, mẹ́tàlá àti ogójì ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo sunkún nítorí ẹni tó fo mẹ́tàlá àti ogún."

Ìgbẹ́kẹ̀lé ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ kan náà tó fi yangàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ò jẹ nǹkan kan lára rẹ̀. Àtọjọ́ tó ti kọ́kọ́ fò níbẹ̀ ló ti ń fò dáadáa. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ni wọn ò jẹ́ kó mọ̀.

Fóònù Uswat dún. Agogo mẹ́ta ti kọjá. Modinat ni. Uswat wo ìyá rẹ̀.

"Màámi, àdéhùn wa ni pé bí mi ò bá tẹ mẹ́tàlá lọ́dún yìí."

"O ti tẹ mẹ́tàlá ṣáájú kí n tó bá ọ ṣe àdéhùn," ni Tàíbátù wí. "Àdéhùn wo ló tún kù? Dá obìnrin yẹn lóhùn, ó ń ná owó."

Uswat gbé e. "Àǹtí Modinat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ẹlòmíì."

"Mo ti fún Bísí, kásúà ẹgbẹ́ rẹ," ni Modinat wí. "Nígbà tí wọ́n mú téèpù kejì wá ni mo ti kọ orúkọ rẹ̀. Mo lójú. Máa fò."

Jubril kọ orúkọ Uswat sínú ìwé níbẹ̀, lórí búlọ́ọ̀kù kan. Ìgbẹ́kẹ̀lé ti dìde, ó ti gbé ọ̀dà pupa àti búrọ́ọ̀ṣì wá láti tún nọ́ńbà náà kùn. Uswat di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ fi sílẹ̀, Kóòṣì."

"Irọ́ ló wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀ báyìí pé irọ́ ni. Ẹ fi sílẹ̀. Mẹ́tàlá yẹn ni mo ti ń wá láti ọdún mẹ́ta. Mi ò tíì tẹ ẹ́."

Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀: mẹ́tàlá tó wà lára búlọ́ọ̀kù, mẹ́rìnlá ni lójú ayé. Kò sí obìnrin kan tó ń gbé láàárín Oregun sí Agége tó fò ó rí.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, Uswat lọ síbi àṣàyàn orílẹ̀-èdè, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tó fò tán, wọ́n tún wọn pákó, wọ́n tún wọn yanrìn, wọ́n tún fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn Uswat fúnra rẹ̀. Góòlù ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, góòlù ni. Ó lọ sí Akra, ó lọ sí Dàkáà, ó lọ sí ìlú kan ní Yúróòpù tí òtútù ibẹ̀ ń jẹ́ kí yanrìn dún bí gaàrí gbígbẹ. Gbogbo ibẹ̀ ló ti mú nǹkan bọ̀. Níbi gbogbo, wọ́n ń bi í pé níbo ló ti wà. Ó ní òun wà nílé.

Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí Ìgbẹ́kẹ̀lé bá a lọ. Jubril ló ń tẹ̀ lé e. Bí Uswat bá ti ń di báàgì, Ìgbẹ́kẹ̀lé á ti bẹ̀rẹ̀ sí í po sìmẹ́ńtì. "Mo ti sọ ọ̀rọ̀ mi," á ní. "Ọjọ́ tí o bá tẹ mẹ́tàlá yẹn ni n ó wọ bàtà. Mi ò tíì rí gìgísẹ̀ rẹ níbẹ̀." Àwọn èèyàn ní agídí ni. Tàíbátù, tó ti fi oṣù mẹ́fà kọ̀ láti dá a lóhùn ìkíni, ló kọ́kọ́ mọ̀ pé kì í ṣe agídí. "Ojú ń tì í," ló wí fún ọmọ rẹ̀. "Má fi ipá mú un. Sáà tètè tẹ nǹkan yẹn fún un."

Kò tètè rí i tẹ̀. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, òjò àkọ́rọ̀ ti tẹ yanrìn mọ́lẹ̀, Ìgbẹ́kẹ̀lé sì wà nínú sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Uswat sáré láti ìdí igi máńgòrò. Pákó dún. Ọ̀tún, ọ̀tún, òsì. Bọ́dúndé búra pé òjìji rẹ̀ pàápàá balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan tó sán nígbà kan rí, wọlé sínú yanrìn níwájú ìlà pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́tàlá.

Ó dúró sínú yanrìn, kò yíjú wẹ̀yìn. Bọ́dúndé ló gbé téèpù irin tí Jubril fi sílẹ̀ fún wọn jáde. Mẹ́rìnlá, àti sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta.

Ìgbẹ́kẹ̀lé gbọn yanrìn kúrò lẹ́sẹ̀. Ó kọjá lára wọn, ó jáde kúrò nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ sílé. Wọ́n rò pé ó lọ sunkún. Nígbà tó padà dé, ó ti bọ́ sùtánà, ó ti wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, báàgì wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàtà dúdú tí kì í wọ̀ sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń dán. Ó dúró lẹ́yìn fẹ́ǹsì, nítorí bàtà kì í wọ ibẹ̀.

"Ó yá," ló wí. "Jẹ́ ká máa lọ."

"Kóòṣì," ni Uswat wí, yanrìn ṣì wà ní orúnkún rẹ̀, "ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí ìdíje tó kàn tó bẹ̀rẹ̀."

Ìgbẹ́kẹ̀lé wo Bọ́dúndé.

"Ta ló kà á?"

"Èmi ni."

"Ṣé ó dá ọ lójú pé Bọ́dúndé ò fi kan kún un?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó jókòó sórí òkúta lẹ́yìn fẹ́ǹsì, ó gbé báàgì lé itan, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú kí ẹrẹ̀ má baà kan bàtà, ó sì ń dúró.